Ojú Kámẹ́rà Kò Gbọ́ Oríkì: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ sí Àwòrán Oníhà-Mẹ́ta ní Ojúkò Ìṣẹ̀ǹbáyé Agbègbè Ẹdẹ àti Òṣogbo

Èrò kan fara sin sínú ọ̀pọ̀ ìwé tó ń gbóríyìn fún yíya àwòrán oníhà-mẹ́ta ní ojúkò ìṣẹ̀ǹbáyé: bí àwòrán bá ti péye, a ti dáàbò bo ojúkò náà. Èrò yìí kò dúró. Ìpéye àwòrán jẹ́ ohun kan, pípé àkọsílẹ̀ jẹ́ òmíràn. Àwọn ojúkò tó wà ní Òṣogbo àti Ẹdẹ, ìlú méjì tí kò jìnnà síra, fi ìyàtọ̀ yìí hàn kedere.

Ọ̀nà tí à ń pè ní fọtogirámẹ́tírì, èyí tí í ṣe fífi fọ́tò wọn nǹkan, kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1858 ni Albrecht Meydenbauer ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú lé e lórí, lẹ́yìn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ níbi tí ó ti ń wọn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ní ìlú Wetzlar. Lónìí, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà yóò ya ọ̀pọ̀lọpọ̀ fọ́tò yí ohun kan ká, débi pé apá tó pọ̀ nínú ohun tó wà nínú fọ́tò kan yóò tún hàn nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Kọ̀ǹpútà yóò wá àmì tó bára mu nínú wọn, yóò ṣírò ibi tí kámẹ́rà dúró sí, yóò sì to àìmọye àmì jọ di àwòrán tí a lè yí sọ́tùn-ún, yí sósì. Bí ọ̀pá ìwọ̀n bá wà nínú fọ́tò, gígùn, ìbú àti gíga ohun náà yóò ṣeé wọ̀n láì padà sí ojúkò.

Àǹfààní rẹ̀ kò kéré. Ìwalẹ̀pìtàn a máa pa ohun tó ń kà run, nítorí ìpele ilẹ̀ tí a bá ti gbẹ́ kúrò kò ṣeé dá padà. Àwòrán tí a yà kí a tó gbẹ́ ìpele kọ̀ọ̀kan ni yóò jẹ́ kí olùwádìí mìíràn lè yẹ iṣẹ́ náà wò lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 2005, amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì wà lára ohun tí Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́-ọnà ẹgbẹ́ rẹ̀ fi mọ ojúbọ àti ère. Òjò àti àgbàrá kò mọ ojúbọ yàtọ̀. CyArk, àjọ aláìlérè kan ní Amẹ́ríkà, ti gba àwòrán ojúbọ Busanyin níbẹ̀ sílẹ̀ ní oníhà-mẹ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ tún irú ibẹ̀ ṣe lọ́la yóò ní ìwọ̀n tó dájú lọ́wọ́.

Ní Ẹdẹ-Ilé, ibi tí ìlú Ẹdẹ wà kí àwọn ará rẹ̀ tó ṣí wá sí ibi tí wọ́n wà báyìí, ọ̀rọ̀ yí padà. Iṣẹ́ Akínwùmí Ògúndìran níbẹ̀ fi hàn pé ibùdó tí Ọ̀yọ́ dá sílẹ̀ ni. Òkìtì àkìtàn àtijọ́ wà lára ohun tó kù níbẹ̀, àti igi oṣè. Ojú ilẹ̀ nìkan ni kámẹ́rà ń rí. Kò rí inú òkìtì, bí ewé bá sì bo ilẹ̀, òkìtì gan-an lè má hàn. Àwọn onímọ̀ gba àléébù yìí, wọ́n sì ń fi lésà dí i.

Àléébù tí wọn kì í sábà mẹ́nu bà ni ti ohùn. Lójú ará Ẹdẹ, Ẹdẹ-Ilé ju òkìtì lọ. Ibẹ̀ ni ìtàn fi Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná sí, ẹni tí Aláàfin rán láti ṣọ́ ọ̀nà fún àwọn oníṣòwò. Oríkì àti ìlù ló gbé ìmọ̀ yìí dé òní. Ẹdẹ kan náà ni Tìmì Adétóyèṣe Láoyè ti jọba láti ọdún 1946 sí 1975, ọba tó ń lùlù fúnra rẹ̀, tó sì kọ̀wé nípa ìlù Yorùbá. Ẹnìkan lè sọ pé iṣẹ́ onímọ̀ lítíréṣọ̀ ni ti ohùn. Àmọ́ gbogbo fáìlì ló ń jẹ́ orúkọ. Ẹni tó bá pe fáìlì ní “Òkìtì 3” ti túmọ̀ ojúkò náà, ó sì ti yan ìtumọ̀ tí kò ní ènìyàn nínú.

Ìdí kejì ni èèwọ̀. Nínú ọdún Ọ̀ṣun, gbogbo ènìyàn ló ń wo Arugbá, ṣùgbọ́n igbá orí rẹ̀ wà ní bíbò. Bíbò náà wà lára ìtumọ̀ rẹ̀. Fọtogirámẹ́tírì kórìíra ihò nínú àwòrán. Ó fẹ́ kí igun gbogbo hàn. Àṣà Yorùbá mọ̀ pé gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ. Nítorí náà, ihò tí àwọn olùtọ́jú ojúbọ bá ní kí a fi sílẹ̀ kì í ṣe àṣìṣe. Ó yẹ kí àkọsílẹ̀ sọ pé ihò wà níbẹ̀, kí ó sì sọ ẹni tó pàṣẹ rẹ̀.

Ìbéèrè tó kù ni ti ẹni tó ni fáìlì. Bí ó bá jẹ́ pé orí ẹ̀rọ ilẹ̀ òkèèrè nìkan ló wà, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní Alájùé, nínú Ẹdẹ gan-an, yóò máa ra dátà láti wo ilẹ̀ baba rẹ̀. Zamani Project ti Yunifásítì Cape Town, tó ti ya ọ̀pọ̀ ojúkò ní Áfíríkà, fi hàn pé iṣẹ́ yìí kò kọjá agbára ilé-ẹ̀kọ́ gíga ilẹ̀ yìí. Ẹdẹ kò ṣàìní yunifásítì.

Kò sí ìdí láti kọ kámẹ́rà sílẹ̀, nítorí oko dídá àti ilé kíkọ́ kò dúró de àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n kí a tó ka àwòrán kan sí àkọsílẹ̀, ó yẹ kí ohùn àwọn tó mọ ibẹ̀ bá a rìn, kí orúkọ tí wọ́n ń pè é wà lára rẹ̀, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ìlú. Èyí tí kò bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ìwọ̀n ilẹ̀ lásán.