Ìka Ò Dọ́gba, Kí Ló Dé Tí Owó Náà Fi Dọ́gba?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: owó-orí. Orí ni wọ́n kà, wọn ò ka àpò. Ẹni tó bá ti lórí lọ́rùn ti jẹ gbèsè, ó jẹun lánàá o, kò jẹun o. Nígbà tí ìjọba amúnisìn gbé irú owó báyìí dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918, ogun ló fà, Ogun Àdùbí. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àtàwọn obìnrin Abẹ́òkúta tún dìde sí i, títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè ní 1949. Ohun tó ń bí wọn nínú kò ṣòro láti mọ̀: owó náà kì í bi obìnrin bóyá ó rí tà lọ́dún yẹn.

Èyí ló wà lọ́kàn wa nígbà tí a jókòó ka Òfin Owó-Orí Nàìjíríà ti 2025, èyí tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní June 26, 2025, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1, 2026. Ẹ lè bi wá pé, kí ló kan lítíréṣọ̀ nínú òfin owó-orí? Ó kàn án. Ìwé ni òfin. Ó ní ohun tó sọ, ó ní ohun tó dákẹ́ lé lórí. Bí a ṣe ń ka ìwé ìtàn la ṣe kà á, àmọ́ Orẹ̀gún la gbé e lọ kà, níbi tí iléeṣẹ́ ńlá, mẹkáníìkì, olóúnjẹ ẹ̀gbẹ́ títì àti ààtàn Olúsosùn ti ń mí afẹ́fẹ́ kan náà, tí ọ́fíìsì ìjọba ní Alausa kò sì jìnnà sí wọn.

Ká sòótọ́, òfin yìí sàn ju èyí tó wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ fi ojú inú wo òṣìṣẹ́ kan ní ojú ọ̀nà Kudirat Abíọ́lá tó ń gba ₦100,000 lóṣù, ìyẹn ₦1,200,000 lọ́dún, tó sì ń san ₦400,000 fún onílé rẹ̀. Ká gbé ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì tì ná. Lábẹ́ òfin àtijọ́, ₦78,000 ni owó-orí rẹ̀ lọ́dún. Òfin tuntun yọ ìdá 20 nínú 100 owó ilé rẹ̀ kúrò, kò fọwọ́ kan ₦800,000 àkọ́kọ́, ó wá gba ìdá 15 nínú 100 lórí ìyókù: ₦48,000. ₦30,000 tó ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́ ò lè sọ ọ́ dolówó, àmọ́ owó ọkọ̀ wà nínú ẹ̀.

Ọ̀gá pátápátá níbi iṣẹ́ ọ̀hún ńkọ́? Ká ní ₦100 mílíọ̀nù ló ń wọlé fún un lọ́dún. Tẹ́lẹ̀, nǹkan bí ₦18.8 mílíọ̀nù ni yóò san. Ní báyìí, ó di nǹkan bí ₦22.8 mílíọ̀nù. Ibi tí ìyàtọ̀ náà ti wá gan-an ló yẹ ká wò. Òfin àtijọ́ máa ń yọ ₦200,000, tàbí ìdá kan nínú 100 bí ìyẹn bá pọ̀ jù ú lọ, kúrò nínú owó tó wọlé, kó tún yọ ìdá 20 nínú 100 gbogbo rẹ̀ lé e, kó tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: òṣìṣẹ́ wa rí ₦440,000 yọ, ọ̀gá rí ₦21 mílíọ̀nù. Ìdẹ̀rùn ni wọ́n ń pè é o! Àṣé ẹni tí ara ti ń dẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń dẹ̀ ẹ́ lára. Lónìí, owó ilé nìkan ló ṣẹ́kù nínú ìdẹ̀rùn yẹn, kò sì gbọdọ̀ kọjá ₦500,000 fún ẹnikẹ́ni. Ibí yìí, a pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó kọ ọ́.

Àmọ́ a tún ṣí ojú ewé míì. Ẹ fi owó ránṣẹ́ látorí fóònù yín, ₦10,000: wọ́n á yọ ₦50. Ẹ fi ₦10 mílíọ̀nù ránṣẹ́: ₦50 náà ni. Owó-orí 1918 rèé, ó kàn wọ aṣọ tuntun ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni VAT, tó ti wà ní ìdá 7.5 nínú 100 láti February 2020. Òótọ́ ni pé oúnjẹ gidi, oògùn àti owó iléèwé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọṣẹ kò bọ́. Dátà tí ẹ fi ń ka àròkọ yìí kò bọ́. Ẹni tó ń gba ₦100,000 ti ná gbogbo rẹ̀ tán kí oṣù tó parí. Ẹni tó ń gba mílíọ̀nù mẹ́jọ ná díẹ̀, ó tọ́jú ìyókù. Owó tí èèyàn bá tọ́jú kì í san VAT.

Tí a bá wá wo òkè, àkàbà náà dúró lójijì. Láti ₦50 mílíọ̀nù lọ, ìdá 25 nínú 100 ni, ó parí síbẹ̀. Ẹni tó ń rí ₦60 mílíọ̀nù àti ẹni tó ń rí ₦6 bílíọ̀nù, orí àtẹ̀gùn kan náà ni wọ́n jọ dúró sí. Ogún ńkọ́? Nàìjíríà fìgbà kan gba owó-orí lórí ogún, láti 1979, wọ́n sì fagi lé e ní 1996. Òfin tuntun kò jí i dìde. Ọmọ tó jogún ilé mẹ́wàá kò ní san kọ́bọ̀ lórí ogún náà. Ọmọ tó jogún kẹ̀kẹ́ ìránṣọ yóò san VAT lórí òwú.

Ní ọjọ́ tí a lọ sí Orẹ̀gún, a jẹ ẹ̀wà lọ́wọ́ màmá kan nítòsí géètì iléeṣẹ́ kan. A ṣàlàyé fún wọn pé bí èrè wọn ò bá kọjá ₦800,000 lọ́dún, ìjọba ò ní gba owó-orí lọ́wọ́ wọn. Wọ́n tú etí ìró wọn, wọ́n kó ìwé pélébé pélébé jáde, tíkẹ́ẹ̀tì oríṣiríṣi. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣeun. Ta wá ni àwọn tó já èyí fún mi láàárọ̀?" A ò rí èsì fọ̀. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì nínú ìwé tí a kà. Ibi tí òfin parí sí ni òwúrọ̀ màmá yẹn ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdákẹ́jẹ́ tó tóbi jù nínú ìwé náà nìyí: bí wọ́n ṣe máa gbà á ló sọ, kò sọ bó ṣe máa padà sọ́dọ̀ ẹni tó san án. Ẹ rántí Àgbẹ̀kọ̀yà ní 1968 sí 1969. Táfà Adéoyè àtàwọn àgbẹ̀ tó tẹ̀ lé e kò sọ pé àwọn ò ní san rárá. Òkè mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, ni wọ́n láwọn á san, wọ́n sì bèèrè ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà dé oko. Ìbéèrè méjì ni wọ́n jọ gbé dání: èló, àti fún kí ni? Òfin 2025 gbìyànjú lórí èkíní. Ní ti èkejì, ẹ lọ wo Olúsosùn. Ìdọ̀tí ìlú ńlá, látilé olówó àti ilé tálákà, ti ń wá sádùúgbò yìí láti ọdún pípẹ́, kì í sì í ṣìnà. Ó wù wá kí owó náà mọ ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á ní, "Ṣebí ìka ò dọ́gba." A gbà. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi òrùka kan náà wọ gbogbo ìka. Nínú ẹbí wa, bí ìdáwó ìsìnkú bá dé, a kì í bù ú ní orí-ò-jorí. Bùrọ̀dá tó wà ní London á san tirẹ̀, àǹtí tó ń din àkàrà á mú ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ká wá, kò sì sẹ́ni tó máa ní olè ni bùrọ̀dá já lólè. Ẹnì kan á sì mú ìwé dání, á kà á fún gbogbo ẹbí: iye tó wọlé rèé, iye tí a fi ra màlúù rèé. Ìwé kejì yẹn la ṣì ń wá ní Orẹ̀gún. Bí wọ́n bá kọ ọ́, a máa kà á, a ó sì mú un lọ fún màmá ẹlẹ́wà.