Ẹ̀rí-Ọkàn àti Ìgbàgbọ́ nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀: Kàkó gẹ́gẹ́ bí Àpẹẹrẹ

Kò sí àní-àní pé olùkọ́ àti onígbàgbọ́ ni D. O. Fágúnwà (1903–1963). Nítorí èyí ni àwọn lámèyítọ́ kan ṣe ń ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938) sí ìwàásù tí a fi aṣọ ìtàn bò. Òótọ́ wà nínú èrò yìí, ṣùgbọ́n kò kárí. Ibi tí ìjàkadì láàrin rere àti búburú ti gbóná jù lọ nínú ìwé náà kì í ṣe ibi tí a ti ń gbani nímọ̀ràn, bí kò ṣe ibi tí a ti fi ẹ̀dá-ìtàn sílẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Kàkó oníkùmọ̀ ẹkùn ni àpẹẹrẹ èyí. Ọba rán Àkàrà-ògùn àti àwọn akọni ọdẹ sí Òkè Láńgbòdó láti mú ohun tí yóò fi kún àlàáfíà ìlú wá. Nígbà tí Kàkó fẹ́ bá wọn lọ, ìyàwó rẹ̀ dì mọ́ ọn, ó kọ̀ kò fi í sílẹ̀. Kàkó yọ àdá, ó ṣá a pa, ó sì bá ẹgbẹ́ lọ.

Àwọn kan lè sọ pé ìgboyà ni èyí, pé Kàkó fi ti ìlú ṣáájú ti ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí ó ń wá àlàáfíà lọ ti ta ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Ìgbàgbọ́ Kàkó nínú iṣẹ́ tí a rán an kò mì, síbẹ̀ ìgbàgbọ́ yìí gan-an ni ó di ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ lójú.

Ètò ìtàn náà ṣe pàtàkì níhìn-ín. Lẹ́yìn ikú obìnrin yìí ni àwọn ọdẹ dé ọ̀dọ̀ Ìrágbèje ní ilé olójúlé méje, tí ó fi ọjọ́ méje kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ìwà. Àwọn tí wọ́n jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe ẹni mímọ́. Ọwọ́ ọ̀kan nínú wọn kò mọ́. Bí a bá kà á báyìí, ọ̀rọ̀ Ìrágbèje kì í ṣe àsọdùn òǹkọ̀wé mọ́; ó di ìbáwí.

Nítorí náà, kò yẹ kí olùkọ́ kàn ní kí akẹ́kọ̀ọ́ to ẹ̀kọ́ inú ìwé náà lẹ́sẹẹsẹ sínú ìwé ìdánwò. Ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bi wọ́n pé: ta ni yóò sunkún ìyàwó Kàkó?