Àmì Tó Sọnù Lójú Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí a ṣe ìdánwò àṣewò Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà, àyọkà kan sọ nípa bàbá àgbà kan tó fi ogún sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Èmi kà á sí ogun. Mo wá ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ títí, n kò rí i. Kì í ṣe pé n kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ogún àti ogun. Lẹ́tà náà ló kéré débi pé àmì orí rẹ̀ dà bí ìdọ̀tí ara gíláàsì. Mo tilẹ̀ fi ìka nù ún.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìtura ojú lásán ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n lẹ́tà, pé kí ẹni tí ojú ń dùn lọ ra awò. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, bí lẹ́tà bá kéré, ènìyàn ṣì lè fi ìrísí ọ̀rọ̀ mọ̀ ọ́n. Ní tiwa, wo owó, òwò, ọwọ́ àti ọ̀wọ̀: ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Píksẹ́lì 16 ni Chrome àti Firefox máa ń lò bí ẹni tó to ojú ewé kò bá yan ìwọ̀n mìíràn. Àwọn kan á wá dín in kù, kí ọ̀rọ̀ púpọ̀ lè gba ojú kan.

Èyí tó dùn mí jù ni ìlà tí wọ́n fà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ bi wá. Lórí ìwé, olùkọ́ á fi rúlà fa ìlà tirẹ̀ jìnnà díẹ̀ sí lẹ́tà. Lórí kọ̀ǹpútà tí a lò, ibi tí àmì ìdí ẹ, ọ àti ṣ wà gan-an ni ìlà náà gbà kọjá. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní ká túmọ̀ ni wọ́n fọwọ́ ara wọn bò mọ́lẹ̀!

Àwọn olùkọ́ wa kan ní bí lẹ́tà bá tóbi, àyọkà á gùn, a ó sì máa fi àkókò fa ojú ewé sókè sódò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àkókò tí mo fi wá ogun tí kò sí ńkọ́? Ìlànà àjọ W3C fún íntánẹ́ẹ̀tì ní ó yẹ kí òǹkàwé lè sọ lẹ́tà di ìlọ́po méjì láìsí pé ohunkóhun bàjẹ́. Nílé, Ctrl àti àmì àròpọ̀ ni mo máa ń tẹ̀. Nínú ìdánwò yẹn, wọ́n ti ti bọ́tìnì náà pa.

Kí ẹni tó bá ń to ìdánwò Yorùbá sórí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ jókòó sórí àga akẹ́kọ̀ọ́, kí ó ka ìpínrọ̀ kan sókè. Bí ó bá ka ogún sí ogun, kí ó tún lẹ́tà náà ṣe kí a tó wọlé.