Al-Shatibi Tí Wọ́n Gé sí Méjì

Ọ̀rọ̀ kan ti di tiwa báyìí, àwa ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Mainland, láti Yábàá dé Sùúrùlérè: maqasid. Ìtumọ̀ rẹ̀ ò le. Ohun tí òfin ń lépa ni, ìdí tí Ọlọ́run fi ṣe é lófin. Ẹ béèrè nípa orin, ẹ béèrè nípa èlé orí owó báńkì, ẹ béèrè bóyá obìnrin lè dá gbélé nítorí iṣẹ́. Kò ní pẹ́ tí ẹnìkan á fi sọ pé, "Ẹ wo maqasid o!" Á ka márùn-ún sí yín létí: ẹ̀sìn, ẹ̀mí, làákàyè, ìran, dúkìá. Lẹ́yìn náà á dárúkọ Abu Ishaq al-Shatibi, ọ̀rọ̀ sì parí nìyẹn.

Ẹ wá yà sí Múṣin. Ìrun parí ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò, àwọn àgbà jókòó, wọ́n ń retí kí lèmọ́mù gbọ́wọ́ sókè ṣàdúà kí gbogbo jàmáà ṣe àmín. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan tí ṣòkòtò wọn ò dé kókósẹ̀ ti dìde ní tiwọn. Àdádáálẹ̀ ni wọ́n pe àdúà àpapọ̀ yẹn. Bí ẹ bá ní kí wọ́n mú ẹ̀rí wá láti inú ìlànà Màlíkì tí àwọn àgbà yẹn ń tẹ̀ lé, orúkọ tí wọ́n á fà yọ ni al-Shatibi. Òun náà kọ́ o! Ìwé tiwọn ni al-I'tisam, ìwé ti àwọn ará Yábàá ni al-Muwafaqat.

Ọkùnrin kan ṣoṣo ni. Àwọn kan gé orí ẹ̀ mú, àwọn kan gé ẹsẹ̀ ẹ̀ mú, ibi tí orí àti ẹsẹ̀ ti so pọ̀ gan-an sì lèmi fẹ́ bá a fà á.

Granada ló gbé, ní Sípéènì ìgbà tí Mùsùlùmí ṣì ń jọba níbẹ̀, ó sì kú ní 1388. Ẹni tó bá ti jókòó sórí ẹní ní ilé-kéwú tó ka Akhdari, Ashmawi àti Risala, ìlànà Màlíkì kan náà lòun àti al-Shatibi jọ ń tẹ̀ lé. Apá ibí yìí náà sì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ahmad Baba ará Tìmbúkútù, tó kú ní 1627, kọ ìtàn ayé rẹ̀ sínú Nayl al-Ibtihaj, ó sì sọ ọ̀rọ̀ odi ìlú kan níbẹ̀. Odi ń fẹ́ kíkọ́, àpò ìjọba ti gbẹ. Ṣé wọ́n lè bu owó lé ará ìlú lórí? Ibn Lubb, olùkọ́ al-Shatibi tó tún jẹ́ àgbà mùfútí ìgbà náà, ní kò tọ́. Al-Shatibi ní ó tọ́, nítorí àǹfààní gbogbo ìlú.

Ẹni tó mọ maqasid nìkan á ti máa pàtẹ́wọ́. Ẹ dúró ná. Ibn Lubb yìí kan náà ló kọ̀wé láti gbèjà àdúà àpapọ̀ lẹ́yìn ìrun, al-Shatibi ló lòdì sí i. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe lèmọ́mù, kò ṣe é, àwọn èèyàn sì dìde sí i. Ó ròyìn rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ al-I'tisam pé wọ́n ní òun sọ pé àdúà ò wúlò. Ẹni tó le lórí owó ló rọ̀ lórí àdúà, ẹni tó rọ̀ lórí owó ló wá le bí òkúta lórí àdúà.

Ó le fara jọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń takora. Kò takora, ìdáhùn sì wà nínú al-Muwafaqat. Ìwé náà ò rọrùn-ún kà, kí n má parọ́ fún yín. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú 13 ló kó dí ẹnu ọ̀nà kó tó jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé. Ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Tunis ní 1884 ni òkìkí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kàn, tí Muhammad Abduh ní Íjíbítì sì ń ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí i. Ọ̀nà tí al-Shatibi ń gbà ronú ló dùn mọ́ mi jù. Kì í gbé ẹ̀kọ́ ńlá karí ẹsẹ kan ṣoṣo. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ò lè gbálẹ̀. Ó kó ẹsẹ, hádíìsì àti ìdájọ́ jọ títí gbogbo wọn á fi tọ́ka síbì kan, ibẹ̀ ló ń pè ní ohun tí òfin ń lépa. Ó wá fi ìlà kan sáàárín. Nínú ìjọ́sìn, bí wọ́n bá ṣe ní kí o ṣe é ni kí o ṣe é, má wá ìdí kiri. Nínú ìbálò àwa ọmọ aráyé, ìdí ni kí o wò. Odi ìlú bọ́ sápá kan, àdúà ẹ̀yìn ìrun bọ́ sápá kejì. Ẹni tó bá gba ìdajì ìlà yìí tó fi ìdajì sílẹ̀, ẹlòmíì ló ń kà, kì í ṣe al-Shatibi.

Àpẹẹrẹ tó kọjá gbogbo rẹ̀ lójú tèmi ni ti fìlà. Ó ní kí ọkùnrin ṣí orí sílẹ̀ jẹ́ àbùkù fún ọmọlúàbí ní àwọn ìlú ìlà-oòrùn, ṣùgbọ́n kò jẹ́ nǹkan kan ní ìwọ̀-oòrùn. Nítorí náà ìdájọ́ yàtọ̀: níbì kan ó lè ba ẹ̀rí ẹni jẹ́ níwájú adájọ́, níbòmíràn kò ní bà á jẹ́. Àwa tá a mọ ojú tí wọ́n fi ń wo ààfáà tó jáde láìdé fìlà, ọ̀rọ̀ yìí yé wa dáadáa.

Ìbí ló ti kan Sùúrùlérè. Ẹ rántí ẹjọ́ hijab tí wọ́n fi orúkọ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin méjì láti ilé-ìwé ìjọba níbẹ̀ pè, pẹ̀lú ẹgbẹ́ MSSN. Ilé ẹjọ́ gíga Èkó dá a nù ní 2014, kòtẹ́milọ́rùn yí i padà ní 2016, títí ilé ẹjọ́ tó ga jù fi dá wọn láre ní June 17, 2022: adájọ́ márùn-ún gbè wọ́n, méjì ò gbà. Ìwé òfin Nàìjíríà ni wọ́n fi jà, wọn ò fi maqasid jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ fìlà sọ pé hijab náà, àṣà lásán ni, kó rọra. Ojú ewé kan náà ni al-Shatibi ti ka àwọn ohun tí àṣà ò lè yí padà láéláé, bíbo ìhòòhò sì wà lára wọn. Òótọ́ ni pé kò sọ níbẹ̀ ibi tí aṣọ gbọ́dọ̀ dé, kò sì sọ iye ọdún ọmọ. Síbẹ̀, kò ṣílẹ̀kùn tí wọ́n ń wá yẹn.

Kí àwọn ará Múṣin má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ ka àkójọ yẹn láti òkè. Fífọ ẹ̀gbin kúrò wà níbẹ̀, bíbo ìhòòhò wà níbẹ̀, kí èèyàn má yí Káábà ká níhòòhò náà wà níbẹ̀. Èyí tó ṣáájú gbogbo wọn ni pé ẹrú ò lè jẹ́rìí ní kóòtù. Ó tò ó mọ́ ohun tí kì í yí padà bí ọ̀run àti ayé ṣì wà! Ẹrú dà báyìí? Ààfáà wo ló ń kọ́ ọmọ kéwú ní Múṣin pé kí adájọ́ béèrè bóyá ẹlẹ́rìí jẹ́ ẹrú tàbí ọmọ? Ìlà tó fà yẹn ò gbó, ṣùgbọ́n ọwọ́ èèyàn ló fà á, ní ìlú kan, nígbà tí ẹrú ṣì ń gbé omi wọlé fún olówó.

Ta ló wá lẹ́tọ̀ọ́ láti tún ìlà fà? Ìdáhùn tirẹ̀ ni pé onímọ̀ tó mọ maqasid délẹ̀, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń fa ìdájọ́ yọ láti inú wọn. Ní ti mẹ̀kúnnù, ó ní ọ̀rọ̀ mùfútí ni ẹ̀rí tirẹ̀. Ibi tí mo ti bá a jà gan-an nìyí. Nínú gbogbo ìwé ńlá yẹn, ẹni tí ìdájọ́ ń já lé lórí ń gbọ́ ni, kì í sọ. Àwọn ọmọ Sùúrùlérè ò kúkú dúró de mùfútí kankan kí orúkọ wọn tó wọ ìwé ẹjọ́.