Kí Bátìrì Inú Kásẹ́ẹ̀tì Géèmù Tó Kú

Iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ ni mò ń ṣe ní Mọ́nátàn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú. Fóònù tó já sómi, ínfátà tó jóná, rédíò àwọn bàbá oníkòkó láti Ẹ̀jìoku, kò sí èyí tí n kì í tú. Àmọ́ bí ẹ bá bi mí léèrè èyí tí mo fẹ́ràn jù, kásẹ́ẹ̀tì géèmù àtijọ́ ni n óò dárúkọ, pàápàá èyí tó ní bátìrì nínú. Owó tó ń tìdí rẹ̀ wọlé kò tó nǹkan. Ẹni tó bá sì bá mi nídìí rẹ̀ a máa rò pé eré ọmọdé ni mò ń ṣe lójú ọ̀sán gangan.

Nígbà tí à ń dàgbà, ilé kan ṣoṣo ládùúgbò ló máa ń ní géèmù. Àwa yòókù á tò sẹ́nu ọ̀nà, a ó máa retí kí páàdì kàn wá. Bí kásẹ́ẹ̀tì ò bá mú, a ó yọ ọ́, a ó fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i, a ó tún tì í bọ̀ ọ́. (Atẹ́gùn ẹnu yẹn ní omi nínú, omi náà ló sì ń ba bàbà ẹsẹ̀ kásẹ́ẹ̀tì jẹ́. Yíyọ tí a yọ ọ́, tí a tún tì í padà, ló ń jẹ́ kó mú, kì í ṣe fífẹ́ tí a fẹ́ ẹ.) Bí ẹnì kan bá wá bá eré dé ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n sì múná lọ, ó parí nìyẹn. Púpọ̀ nínú àwọn kásẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú tó dé ọwọ́ wa kò ní ibi tí wọ́n ń tọ́jú nǹkan sí. Ẹni tó ti ń múra àtibá ọ̀gá àwọn ọ̀tá jà á padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìpele kìn-ín-ní. Ọmọ tí mo rí tó sunkún nítorí iná pọ̀ ju èyí tó sunkún nítorí pàṣán lọ.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń dùn. Ọgbọ́n tí àwọn tó ń ṣe géèmù kọ́kọ́ dá ni kóòdù: géèmù á gbé lẹ́tà àti nọ́ńbà sójú tẹlifíṣọ̀n, ìwọ á dà á kọ sẹ́yìn ìwé, kí o lè tẹ̀ ẹ́ padà lọ́jọ́ mìíràn. Mega Man 2 ò tilẹ̀ lo lẹ́tà. Àpótí kéékèèké, márùn-ún ní ìbú, márùn-ún ní òró, ni wọ́n ń to àmì roboto sí. Bí o bá ṣi ẹyọ kan kọ, òfo ni. Ìgbà tí The Legend of Zelda dé Amẹ́ríkà lọ́dún 1987 ni ilé-iṣẹ́ Nintendo wá fi bátìrì sínú kásẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, kó lè máa rántí ibi tí eré dé. Kásẹ́ẹ̀tì tí à ń yọ tí à ń pààrọ̀ yìí náà ní ẹni tí a gbọ́dọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀: Jerry Lawson, aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní Brooklyn. Òun ló ṣáájú àwọn tó ṣe Channel F fún ilé-iṣẹ́ Fairchild lọ́dún 1976, ẹ̀rọ géèmù ilé àkọ́kọ́ tó ń lo irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀. Oṣù kẹta ọdún 2011 ni ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tó ń ṣe géèmù ṣẹ̀ṣẹ̀ bu ọlá fún un. Ó kú ní oṣù kẹrin ọdún náà. Lójú tèmi, ọlá yẹn pẹ́ jù.

Ṣíìpù kan tí wọ́n ń pè ní SRAM ni séèfù, ìyẹn àkọsílẹ̀ ibi tí eré dé, ń gbé nínú kásẹ́ẹ̀tì oníbátìrì. Kò lè rántí ohunkóhun bí iná bá já lára rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ péré. Bátìrì pẹlẹbẹ onífólìtì mẹ́ta, irú èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà, ló ń fún un níná tọ̀sán-tòru nígbà tí géèmù bá wà ní pípa. Iná tó ń fà kéré débi pé bátìrì kan lè lò tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: ọdún 1998 ni Pokémon Red àti Blue dé Amẹ́ríkà. Àwọn Gold àti Silver tó tẹ̀ lé wọn tilẹ̀ tún ní aago nínú, aago yẹn sì ń pín bátìrì náà mu. Púpọ̀ nínú wọn ti kú. Àwọn tó kù, ẹ̀mí wọn ò gùn mọ́.

Ibí ni iṣẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀. Bí kásẹ́ẹ̀tì bá dé ọwọ́ mi, n kì í kánjú yọ bátìrì rẹ̀, nítorí ìṣẹ́jú tí bátìrì bá kúrò ni séèfù bá a lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń fi òwú àti sípíríìtì nù títí dúdú ò fi ní jáde mọ́. Lẹ́yìn náà ni n óò kì í bọ inú ẹ̀rọ akàwé kékeré tó ń fi okùn USB wọ kọ̀ǹpútà. GBxCart ni mò ń lò fún ti Game Boy. Fún àwọn yòókù, èyí tí wọ́n ń pè ní Cart Reader ni. Wọ́n fi àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó bá mọ lẹ́ẹ̀dì í jó lè fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó.

Bí ẹ bá kàn sáré ka ti Game Boy, FF, FF, FF ni ẹ ó máa rí láti òkè délẹ̀, ẹ ó sì rò pé séèfù ti lọ. Kò tíì lọ. Ṣíìpù mìíràn wà nínú kásẹ́ẹ̀tì tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ SRAM, kí ìdọ̀tí má baà kọ ara rẹ̀ sí i bí iná bá lọ lójijì. Ẹ̀rọ akàwé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi 0A ránṣẹ́ sí ṣíìpù yìí kó tó ṣílẹ̀kùn. Ọgbọ́n yẹn wú mi lórí gan-an. Àfi bíi pé ẹni tó ṣe é ti gbé Ìbàdàn rí.

Bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, n óò kà á lẹ́ẹ̀kan, n óò tún un kà, n óò fi méjèèjì wéra. Bí báìtì kan bá yàtọ̀, mo padà sídìí òwú àti sípíríìtì. Bí wọ́n bá dọ́gba, ọkàn mi balẹ̀. Gbogbo séèfù Pokémon Red kò ju báìtì 32,768 lọ. Àwòrán kan tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp tóbi jù ú lọ dáadáa.

Mo fẹ́ràn kí n máa wo inú rẹ̀. Nínú Pokémon yẹn, 80 ni A, 81 ni B, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ, orúkọ ọmọ tó ni ín á sì yọ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́tà méje péré ni àyè gbà. ABIODUN wọlé wẹ́rẹ́. OMOLARA náà wọlé. OLUWASEUN ò lè wọlé láéláé, SEUN ni yóò jẹ́ tàbí OLUWASE. Àwọn tókunbọ̀ sì wà tó jẹ́ pé orúkọ ọmọ òyìnbó kan tí mi ò lè mọ̀ ló wà níbẹ̀. Mo ń tọ́jú tiwọn náà sí ojú ibì kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa wá béèrè wọn.

Ìyá kan wá láti Ẹrúnmú nígbà kan, ó di Game Boy sínú láílọ́ọ̀nù.

“Bọ̀dá, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Ọmọ mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní n ò gbọdọ̀ sọ ọ́ nù.”

“Ẹ káàbọ̀, Mọ́mì. Ẹnì kankan ti tú inú rẹ̀ rí?”

“Ta ni yóò tú u? Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà látọjọ́ yìí.”

Mo ka séèfù náà, ó pé pérépéré. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ náà ti ta géèmù yìí ju ọgọ́rùn-ún wákàtí lọ, mọ́mì lanu. “Ọgọ́rùn-ún wákàtí! Ìwé ló sọ fún mi pé òun ń kà!” Wọ́n pè é lójú ẹsẹ̀, àlàyé tó ṣe lórí fóònù kò sì mọ́gbọ́n wá.

Géèmù fúnra rẹ̀ kò wọ́n. Lóòótọ́, Video Game History Foundation gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2023 pé nínú ọgọ́rùn-ún géèmù àtijọ́ tó jáde ní Amẹ́ríkà, 87 ni kò sí lọ́jà mọ́. Ṣùgbọ́n àìmọye kásẹ́ẹ̀tì Pokémon Red ló wà káyé, ohun kan náà ni wọ́n kọ sínú gbogbo wọn. Bí ọ̀kan bá sọnù, òmíràn wà. Séèfù ọmọ Ẹrúnmú yẹn, ẹyọ kan ni, kò sì sí níbòmíràn. Ó dà bí ohun tí ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn IITA tó wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ ní Akínyẹlé ń ṣe: wọ́n ń tọ́jú irú ẹ̀wà tó lé ní 15,000 sínú òtútù. Kì í ṣe pé ẹ̀wà wọ́n ní ọjà Bódìjà. Oko àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti wá, bí ọ̀kan bá sì run, ó lè má sí irú rẹ̀ mọ́. Ìdí tí mo fi ń tọ́jú séèfù nìyẹn, mo sì rò pé àwọn tó ń kó géèmù jọ lágbàáyé ò tíì fún un ní ipò tó yẹ ẹ́.

Mẹ́mọ́rì káàdì PlayStation rọrùn jù báyìí lọ, nítorí kò ní bátìrì. Ti PS2, báìtì mílíọ̀nù mẹ́jọ ni, ètò uLaunchELF sì lè dà á sínú fláàṣì tààrà. Ohun tó ń pa á ni kí ọmọ fà á yọ nígbà tó ń kọ nǹkan lọ́wọ́, àti ayédèrú tó kún ọjà. Àwọn tó ń ṣí ilé géèmù lọ́nà Akanran mọ èyí dáadáa.

Bátìrì tuntun ló kù. Èyí tó ti ní ẹsẹ̀ irin lára ni kí ẹ rà. Kí ẹnikẹ́ni má gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé ojú bátìrì, ó lè bú. Lẹ́yìn tí mo bá jó o mọ́ ọn tán, n óò kọ séèfù padà sínú kásẹ́ẹ̀tì, orí ínfátà ni mo sì ti ń ṣe é, mi ò jẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé iná ìta. Ẹ̀dà kan á wà lọ́dọ̀ mi, ọ̀kan á wà lọ́wọ́ olóhun.

Ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ wo òkè àjà, kí ẹ tó kó ẹrù àtijọ́ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Bí ẹ bá rí kásẹ́ẹ̀tì, tí oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan sì ní bátìrì lòun fẹ́ pààrọ̀, ẹ bi í bóyá ó ti ka séèfù rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ná. Bí kò bá ní ohun tó fi ń kà á, ẹ gba kásẹ́ẹ̀tì yín padà lọ́wọ́ rẹ̀.