Ibi Tó Yẹ Kí A Ti Gé E

Bí wọ́n bá bi mí pé ta ni ọ̀gá nínú iṣẹ́ àwa ẹ́dítọ̀, William Ziegler ni màá dárúkọ, nítorí ìbẹ̀rẹ̀ The Omega Man, fíìmù tí Boris Sagal darí lọ́dún 1971. Ayé ti parẹ́. Charlton Heston ń wa ọkọ̀ pupa tí kò ní òrùlé la àárín Los Angeles kọjá, kò sí ẹ̀dá lójú títì, orin inú ọkọ̀ nìkan ló ń dún. Òpin ọ̀sẹ̀, nígbà tí ọ́fíìsì ti pa, ni wọ́n lọ yà á. Ẹni tó bá mọ títì Ọba Akran ní Ìkẹjà láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí àwọn tírélà kò sí níbẹ̀, mọ bó ṣe ń rí. Ṣùgbọ́n títì tó dá páropáro kọ́ ni ọgbọ́n ibẹ̀, ibi tí wọ́n ti gé e ni. Ojú òǹwòran á wá èèyàn, kò ní rí i, á tún wá a. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí àwòrán mìíràn wọlé. Bí a bá gé e ṣáájú, títì lásán la fi hàn. Bí ó bá sì pẹ́ jù, òǹwòran á bẹ̀rẹ̀ sí í ro àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró lẹ́yìn kámẹ́rà.

Francis Lawrence tún ìtàn náà ṣe lọ́dún 2007, ó pè é ní I Am Legend. Ìwé Richard Matheson ti 1954 ni méjèèjì ti wá. Will Smith náà wa ọkọ̀ pupa, ní New York. Àwọn kan á ní títì gidi ni wọ́n tì pa níbẹ̀ náà, pé koríko tó hù lójú títì sì bọ́gbọ́n mu. Òótọ́ ni, ìdajì àkọ́kọ́ kò ṣeé kẹ́gàn. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí títì bá fẹ́ dákẹ́, ìgalà tàbí kìnnìún tí kọ̀ǹpútà yà á sáré kọjá. Ojú ti rí nǹkan wò, kò wá èèyàn mọ́. Nígbà ìsémọ́lé kòrónà tó bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta 2020, láti Agége dé Ìkẹjà, kò sí kìnnìún kankan. Ojú ṣáà ń wá èèyàn ni, ohun tó sì ń dẹ́rù bani nìyẹn. Àwọn aláàrùn inú fíìmù ti 2007 náà tún burú jù: ara kọ̀ǹpútà, tí kò tẹ̀wọ̀n.

Wọn á ní àìlówó ló fà á pé àwa oníṣẹ́ fíìmù níbí náà ń fi kọ̀ǹpútà wá ọ̀nà àbùjá. Irọ́ ni. C. J. Obasi kò lówó lọ́wọ́ nígbà tó ṣe Ojuju (2014) ní àdúgbò àwọn tálákà l'Ékòó. Omi tó bàjẹ́ ló sọ aráàlú di abàmì, èèyàn gidi sì ni gbogbo wọn. Kì í ṣe pé ti 1971 kò ní àléébù o: àwọn ọ̀tá tó kun ojú lẹ́fun yẹn, ẹ̀rín ni wọ́n ń pani. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́, kó wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kó pa á, kó lọ wo Ojuju. Ti 2007, ìdajì rẹ̀ tó.