Ya Nọ́ńbà Rẹ̀ Kí O Tó Ya Ojú Rẹ̀

Iṣẹ́ fótò ni mo fi ń jẹun ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú n'Ìbàdàn. Ìgbéyàwó, ìkómọjáde, òkú àgbà, ìwúyè, fótò kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù: ibẹ̀ lowó ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí kò bá sí ìnáwó, ẹ̀ńjìnì rélùwéè àtijọ́ ni mo máa ń gbé kámẹ́rà lọ wá. Àwọn eléèédú ni mò ń sọ, àwọn tó ń fi ooru omi fa ọkọ̀, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì báyìí sínú ọgbà rélùwéè, tí koríko ti ga dé àyà wọn. Àwọn ará àdúgbò á ní, "Ẹlẹ́fótò, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ló yẹ kẹ́ ẹ máa yà. Kí lẹ fẹ́ fi irin tó ti dípẹtà ṣe?" Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ dá wọn lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká gorí òkè Màpó ná. Téèyàn bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929 yẹn, tó wo ìsàlẹ̀ Ọjà'ba àti Bẹ́yẹrúnkà, páànù pípọ́n ló máa rí lọ títí. Tó bá yíjú sí ìwọ̀ oòrùn, á rí Cocoa House. Lẹ́sẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀ ni Dùgbẹ̀, ibi tí rélùwéè balẹ̀ sí. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to irin láti Ìddó l'Ékòó. Ó gba Abẹ́òkúta, ó sì wọ Ìbàdàn. Oṣù kẹta 1901 ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ná an, Baálẹ̀ Fájìnmí ló sì wà lórí oyè nígbà náà. Irin ọ̀hún kò wọ àárín ìgboro àtijọ́ wa rárá. Ìta ìlú ló dúró sí, ni àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó bá lọ bá a níbẹ̀, ni Gbági bá di ọjà. Lẹ́yìn náà ló ń lọ: Òṣogbo ní 1907, Jẹ́bà ní 1909, Mínnà ní 1911, níbi tó ti pàdé èyí tó ń bọ̀ láti Kánò. Kòkó àti èkùrọ́ ló ń kó lọ sétí òkun. Iyọ̀, aṣọ, sìmẹ́ńtì àti páànù ló ń kó bọ̀. Páànù tó ń pọ́n lábẹ́ Màpó àti ẹ̀ńjìnì tó ń pọ́n nínú koríko, ọ̀kan ló gbé èkejì wá sílé. Ìtàn ìlú mi ni mò ń yà.

Ohun tó tún fà mí mọ́ ẹ̀ńjìnì eléèédú ni pé kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ẹ̀ńjìnì onídíísù tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, inú àpótí ni gbogbo agbára rẹ̀ wà. O lè yà á látàárọ̀ dalẹ́ kí o má mọ ohun tó ń mú un rìn. Ti eléèédú, gbangba ni. Fáyámáànù á máa fi ṣọ́bìrì da èédú Enugu sínú iná. Iná á gba inú àwọn páìpù tó la àárín omi já. Omi á hó, ooru rẹ̀ á sì há sínú bọ́ílà títí á fi máa wá ọ̀nà jáde lágbára. Tí dírẹ́fà bá ṣí i sílẹ̀, á gbá pístọ̀nù lọ, á gbá a bọ̀, ọ̀pá irin gígùn á gbà á lọ́wọ́ pístọ̀nù, á fi yí ẹsẹ̀. Ooru tó ti ṣiṣẹ́ tán á bá èéfín gba ṣìmìnì jáde, bó sì ṣe ń tú jáde ló ń fa afẹ́fẹ́ gba ojú iná kọjá. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń ṣiṣẹ́ kára tó, bẹ́ẹ̀ ni iná rẹ̀ ń le tó. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní dúró síwájú ẹ̀ńjìnì nìkan kó máa tẹ kámẹ́rà. Ẹ̀gbẹ́ ni iṣẹ́ wà, níbi tí pístọ̀nù, ọ̀pá àti ẹsẹ̀ ti so kọ́ra.

Ẹsẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ kà. Lára rẹ̀ la ti ń mọ ìdílé ẹ̀ńjìnì. Èyí tó bá ní kékeré méjì níwájú, ńlá mẹ́jọ láàárín, kékeré méjì lẹ́yìn, 2-8-2 làwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè é. Irú rẹ̀ ni ìdílé River, tí Vulcan Foundry rọ ní Newton-le-Willows nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún rélùwéè wa lẹ́yìn ogun Hítílà. Nígbà tí Ìlà Oòrùn Áfíríkà náà fẹ́ ẹ̀ńjìnì, ilé iṣẹ́ kan ní Glasgow wo River ṣe ìdílé Tribal fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn, nọ́ńbà 2921, wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè ní Nairobi. Ìbátan ẹ̀ńjìnì tiwa ni àlejò ń lọ wò níbẹ̀.

Irin dúdú máa ń tan kámẹ́rà jẹ. Tí ẹ̀ńjìnì bá gba gbogbo ojú fótò, kámẹ́rà á rò pé ilẹ̀ ti ṣú, á bu ìmọ́lẹ̀ kún un, dúdú á wá di aláwọ̀ eérú. Èmi a máa bù ú kù. Láyé fíìmù, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Bẹẹrẹ kì í gbà kí a fọ fótò tí aṣọ dúdú inú rẹ̀ ti ṣì lójú. Á ní ká lọ tún un fọ̀. Ẹ̀kọ́ yẹn ni mo gbé lọ sídìí ẹ̀ńjìnì. Ọ̀sán gangan kò dára fún un, torí orí bọ́ílà ni oòrùn á dúró sí, abẹ́ tí gbogbo iṣẹ́ wà á sì ṣókùnkùn. Kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, tàbí lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, á máa tọ́ka sí orí ìṣó irin lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà ọyẹ́, eruku á rọ oòrùn lójú, òjìji kò ní le. Nígbà òjò, mo máa ń dúró kí òjò dá: irin tó tutù á dúdú sí i, ìpẹtà á pọ́n bí osùn.

Níbi tí ẹ̀ńjìnì bá ṣì ń rìn, iṣẹ́ mìíràn ni. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oṣù kẹjọ 1968 ni rélùwéè ìjọba fi ẹ̀ńjìnì eléèédú sílẹ̀ lójú ọ̀nà ńlá, ṣùgbọ́n àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ti gba àwọn ọ̀nà kéékèèké kan mọ́ra ṣáájú: Talyllyn ní Wélsì láti 1951, Bluebell ní Sussex láti 1960. Àwọn ayàwòrán ibẹ̀ á dáwó jọ, wọ́n á háyà odidi ọkọ̀, dírẹ́fà á wá máa wà á lọ wà á bọ̀ níwájú wọn. Ìgbà òtútù ni wọ́n ń wá, torí inú òtútù ni ooru tó ti ṣìmìnì jáde ti ń funfun, tó ń ga, tí kì í tètè parẹ́. Nínú ooru ilẹ̀ wa, kíá ló ń pòórá. Wọ́n tún ń ṣọ́ ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀, pé kó yí dé ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó tẹ kámẹ́rà. Ní Amẹ́ríkà, òru ni O. Winston Link yàn. Láti 1955 sí 1960 ló fi ya àwọn ọkọ̀ eléèédú ìkẹyìn ti Norfolk and Western, ó sì so gílóòbù fáláàṣì rẹpẹtẹ kọ́, torí lóru, òun nìkan ló lè sọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ máa gbà wá. Nínú ọ̀kan tó yà ní 1956, àwọn èèyàn jókòó sínú mọ́tò wọn ní sinimá ìta gbangba, ọkọ̀ òfurufú ń fò lójú sinimá, rélùwéè ń kọjá lẹ́yìn pẹ̀lú èéfín funfun. Kò sẹ́ni tó yíjú wò ó.

Tiwa dúró sójú kan. Nítorí náà, èèyàn ni mo máa ń wá kún un. Bàbá kan wà tó fi fáyámáànù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní rélùwéè kó tó di dírẹ́fà. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n bá mi lọ síbi tí ẹ̀ńjìnì kan wà. Nígbà tá a débẹ̀, ẹ̀yìn ọwọ́ ni wọ́n fi kan bọ́ílà. Mo ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò lo àtẹ́lẹwọ́?" Wọ́n ní, "Tí ẹ̀yìn ọwọ́ bá jóná, ọmọ mi, wàá ṣì lè di ṣọ́bìrì mú." Wọ́n gòkè lọ síbi tí dírẹ́fà ń dúró sí, wọ́n ya ẹsẹ̀, wọ́n na ọwọ́ òsì síwájú, wọ́n sì di ọwọ́ náà. Wọ́n ti tú ọ̀pá tó wà níbẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ ni Bàbá dì mú. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wo apá ọ̀dọ̀ mi." Wọ́n ní, "Dírẹ́fà kì í wo ẹlẹ́fótò. Iwájú ló ń wò." Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe yà wọ́n.

Bí wọ́n ṣe ń tú nǹkan lọ lára ẹ̀ńjìnì, bí ọ̀pá yẹn, ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Idẹ ni àwọn tó ń ra àlòkù irin kọ́kọ́ ń wá, idẹ sì ni wọ́n sábà fi ń ṣe àwo tí orúkọ ẹni tó rọ ẹ̀ńjìnì, ọdún tó rọ ọ́ àti nọ́ńbà rẹ̀ wà. Èyí tí mo bá, ihò mẹ́rin ni mo rí níbi tí àwo wà rí. Ẹ̀ńjìnì tí kò ní àwo mọ́ ti di òkú tí a kò mọ ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fi irin lu nọ́ńbà sára ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ pẹ̀lú. Mo máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá gíríìsì gbígbẹ kúrò, màá tẹ́ tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an kí ìmọ́lẹ̀ lè sá lórí irin, nọ́ńbà á sì yọ. N kì í gba ti ọ̀pá kan ṣoṣo gbọ́, torí wọ́ọ̀sọ̀bù a máa tú ọ̀pá ọ̀kan fún òmíràn. Lẹ́yìn nọ́ńbà, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ òsì, iwájú, ẹ̀yìn, pẹ̀lú rúlà kan lára irin kí a lè mọ bó ṣe tóbi tó. Ìgbà yẹn ni mo tó ń wá ẹwà. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tún un ṣe lọ́la, àwọn fótò tí kò dùn-ún wò yẹn ló máa béèrè.

Ẹni tó bá rò pé àlá ni kó wo Sàró. Nígbà tí rélùwéè Sierra Leone kógbá sílé láàárín àwọn ọdún 1970, ọ̀kan nínú ẹ̀ńjìnì rẹ̀, nọ́ńbà 85 tí Hunslet rọ ní 1954, dé Wélsì ní 1975, ó sì fa èrò fún ọ̀pọ̀ ọdún lójú irin Welshpool and Llanfair. Àwọn tó kù ní Cline Town ní Freetown di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní 2005. L'Ékòó tiwa, ẹgbẹ́ Legacy 1995 àti Àjọ Rélùwéè jọ sọ Jaekel House, ilé tí wọ́n kọ́ ní 1898 ní Èbúté Mẹ́ta, di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Fótò àtijọ́ ló kún inú rẹ̀. Francis Jaekel tí ilé náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ kọ ìtàn rélùwéè wa ní ìdìpọ̀ mẹ́ta, Ìbàdàn níbí sì ni ilé iṣẹ́ Spectrum ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1997.

J. D. 'Okhai Ojeikere, tó ṣiṣẹ́ fótò ní Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1950, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì ní 1968. Irun tí àwọn obìnrin ń dì ni. Lónìí, ibẹ̀ la ti ń wo irú irun tí àwọn ìyá wa dì. Ohun tí mò ń sọ fún àwọn ará àdúgbò mi nìyẹn. Ọjọ́ a kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ẹ jẹ́ ká ya ère ẹ̀ńjìnì kí wọ́n tó gé e tán.

Ọkọ̀ tuntun ti ń ná Mọ́níyà sí Èbúté Mẹ́ta láti 2021, lórí irin tó fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ: mílímítà 1,435 sí 1,067. Inú mi dùn sí i. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní kámẹ́rà lórí fóònù, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ọgbà kí ẹ tó wọlé, ẹ má dúró sójú irin tí ọkọ̀ ṣì ń gbà, kí ẹ sì ya nọ́ńbà kí ẹ tó ya ojú. Ẹ̀yin tí bàbá tàbí bàbá àgbà yín ṣiṣẹ́ rélùwéè, ẹ tú àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wò. Tí ẹ bá rí fótò tó dúró síwájú ẹ̀ńjìnì, ẹ mú bírò, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ibi tó wà àti ọdún rẹ̀ sẹ́yìn fótò náà, nígbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè.